Nígbà tí autism ṣì jẹ́ àmì wèrè: ìtàn ọ̀rọ̀ kan tó pín sí méjì

🧵 Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ó sì gùn. Bí ẹ bá gbé nǹkan kaná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń rí lórí TikTok báyìí, "autism", ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, àmì wèrè ni? Wèrè gidi o. Kò kan ọmọdé rárá. Àwọn àgbàlagbà tó wà nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n fi ń júwe.

Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Eugen Bleuler, dókítà ọpọlọ ará Switzerland, ọ̀gá ilé ìwòsàn Burghölzli ní ìlú Zürich. Òun náà ló dá ọ̀rọ̀ "schizophrenia" sílẹ̀, níbi ìpàdé kan ní Berlin lóṣù kẹrin ọdún 1908. Nígbà tí ìwé ńlá rẹ̀ jáde lọ́dún 1911, autism wà lára àwọn àmì tó kà sílẹ̀ fún schizophrenia. Ohun tó ní lọ́kàn ni ẹni tó fi ayé sílẹ̀ síta, tó wọ inú ara rẹ̀ lọ, tó ti ilẹ̀kùn, tó wá ń bá èrò ọkàn ara rẹ̀ gbé. Inú "autos" tó jẹ́ èdè Gíríìkì ló ti yọ ọ́. "Ara ẹni" ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹni kan náà, ìwé kan náà. Schizophrenia ni ìyá, autism ni ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Bí ọmọ yẹn ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àti bó ṣe jẹ́ pé, nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wo ìṣesí méjèèjì lára èmi àti ẹ̀yin, àwa tí a ń lọ síbi iṣẹ́ tí a sì ń bọ̀, wọ́n rí i pé ìyá àti ọmọ ṣì ń yá aṣọ ara wọn wọ̀. Lẹ́yìn náà màá gbé e wá sí Abẹ́òkúta, màá sì gbé e dé Àrándùn tiwa níbí, torí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ó yá.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ nípa irú ọmọ tí à ń pè ní autistic lónìí, obìnrin ni. Grunya Sukhareva lorúkọ rẹ̀, Moscow ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún 1925 ló sì kọ ọ́. Ọmọkùnrin mẹ́fà ni. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ariwo máa ń dà wọ́n láàmú. Bí ọkàn wọn bá ti wà lórí nǹkan kan, ó tán. Ẹ gbọ́ orúkọ tó fún un: "schizoid". Ẹ rí i pé inú ilé ìyá yẹn náà ló ṣì fi wọ́n sí. Ọdún 1926 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Jámánì, àmọ́ àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ò rí i kà títí di 1996. Ó jẹ́ obìnrin, ó tún jẹ́ ará Rọ́ṣíà. Ẹ ti mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹni tó wá gba òkìkí ni Leo Kanner, ní Baltimore, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1943. Ọmọ mọ́kànlá ló kọ nípa wọn, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́ta. Ó yá ọ̀rọ̀ Bleuler lò, ṣùgbọ́n ó ní tiwọn yàtọ̀. Àlàyé rẹ̀ dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ n fi èdè tiwa sọ ọ́: ẹni tó ní schizophrenia ti bá wa jókòó nínú ilé rí kó tó dìde jáde, ní ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé ni wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ jáde ní Vienna. Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀. Ìwádìí tí Herwig Czech gbé jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé ọkùnrin náà fi àwọn ọmọ kan ránṣẹ́ sí Am Spiegelgrund, níbi tí àwọn Násì ti ń pa ọmọdé. Bí ẹ bá rí i tí àwọn kan ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn mọ́, ìdí nìyẹn.

Ẹ ò wá rò pé lẹ́yìn Kanner ọ̀rọ̀ ti yanjú? Rárá o. Lọ́dún 1968, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, DSM, tún jáde lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí autism níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Bí ọmọ rẹ bá ní in, "schizophrenia ti ọmọdé" ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Lọ́dún 1971 wọ́n dá ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan sílẹ̀, Kanner fúnra rẹ̀ ni olóòtú, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: Journal of Autism and Childhood Schizophrenia. Méjèèjì nínú orúkọ kan, bí ìbejì. Ìgbà tó di 1979 ni wọ́n tó yọ schizophrenia kúrò nínú orúkọ náà.

Kí ló yí i padà? Ọjọ́ orí ni. Israel Kolvin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Newcastle, Ìlú Ọba, kọ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1971 kan náà. Wọ́n wo ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé ọ̀nà méjì ló pín sí: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ló ń gbọ́ ohùn, tí wọ́n sì ń gbà gbọ́ pé ẹnì kan ń lépa wọn. Àwọn ti àkọ́kọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kan.

Nígbà tí DSM kẹta jáde lọ́dún 1980, autism gba yàrá tirẹ̀. Ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá.

Àmọ́ ẹ dúró. Nínú ìwé 1980 yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́: "schizotypal". Òun ni ẹnì kejì nínú ìtàn wa yìí, ẹ jẹ́ n fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sándor Radó, dókítà ọmọ Hungary tó lọ tẹ̀dó sí New York, ti dá "schizotype" sílẹ̀ lọ́dún 1953. Lọ́dún 1962 Paul Meehl ní Amẹ́ríkà gbé e lọ síwájú: ó ní àwọn kan gbé irúgbìn schizophrenia nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, irúgbìn náà ò ní hù di àìsàn títí wọn á fi kú. Ohun tẹ́ ẹ máa rí lára wọn ò ju ìṣesí lọ. Ẹni tó ń rí àmì nínú nǹkan tí gbogbo èèyàn kọjá lára ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń yà sígbó kó tó padà sójú ọ̀nà. Ẹni tí ara ẹ̀ kì í balẹ̀ láàárín àwùjọ. Ẹni tó máa ń fura. Gbogbo wa la ní irú wọn nínú ẹbí, ẹ má parọ́. Ó lè jẹ́ ìwọ gan-an.

Bí èrò yẹn ṣe wọlé báyìí, ìbéèrè náà yí padà. Wọn ò bi í mọ́ pé "ta ló ya wèrè, ta ni kò ya?" Wọ́n ń bi í pé "mélòó nínú rẹ̀ ló wà lára rẹ?" Bí gbogbo wa ṣe ga tó, tí ẹnì kan ga ju ẹnì kan lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ìwé ìbéèrè méjì ni wọ́n wá ń lò jù. Lọ́dún 1991, Adrian Raine gbé ti schizotypal jáde: ìbéèrè 74, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 2001, Simon Baron-Cohen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé ti autism jáde: ìbéèrè 50. Ti Cambridge yẹn lẹ̀yin náà ti ṣe lórí fóònù yín láàárín òru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pín máàkì yín kiri.

Ìbéèrè 74 ti Raine, àpò mẹ́ta ló wà. Àpò kìíní ni ti ohun àìrí: ìgbàgbọ́ nínú agbára tí ojú ò rí, ìmọ̀lára pé ẹnì kan wà nítòsí nígbà tí kò sí ẹnì kankan, kéèyàn máa rò pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Àpò kejì ni ti àjọṣe: àìní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ìbẹ̀rù àwùjọ, ojú tí kì í fi ohun tó wà nínú hàn. Àpò kẹta ni ti ọ̀rọ̀ àti ìwà tó ṣàjèjì sí àwọn tó kù.

Nígbà tí wọ́n wá ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìwé méjèèjì papọ̀, èsì tó ń jáde jọra láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹni tí máàkì ẹ̀ ga nínú ti autism, máàkì ẹ̀ máa ń ga nínú àpò kejì Raine, ti àjọṣe. Ó máa ń ga díẹ̀ nínú àpò kẹta náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé àpò kìíní, ti ohun àìrí, okùn yẹn tú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ so mọ́ra wọn níbẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n tiẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn. Natalie Dinsdale, Bernard Crespi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i lọ́dún 2013 lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà pé nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ibì kan wà tí méjèèjì ti pàdé, ibì kan sì wà tí wọ́n ti lọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí àríwá àti gúúsù.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ìwé, torí náà ẹ jẹ́ n fi Àrándùn ṣàlàyé ẹ̀.

Ìlú wa ò tóbi. Bí o bá jáde láàárọ̀, kó o tó dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Òmù-Àrán, o máa kí ogún èèyàn. Ó lórí bó o ṣe máa kí ìyá àgbà, ó lórí bó o ṣe máa kí bàbá tó jókòó síwájú ilé, ó lórí ti ẹni tó ń ṣòfò. Wá sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà tí wọn kì í jáde. Inú yàrá ni wọ́n ń wà. Àwọn ará àdúgbò ní, "Àwọn méjèèjì yìí, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù."

Ẹni àkọ́kọ́, ìkíni ló sú u. Kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, kò mọ ìgbà tó yẹ kó kọjá. Ìyá kan fajú ro sí i lánàá, kò tiẹ̀ rí i. Ẹnì kejì rí i. Ó rí i ju bó ṣe yẹ lọ. Láti àná ló ti ń rò ó: kí ló dé tí ìyá yìí fi fajú ro? Kí ni wọ́n ti sọ fún un nípa mi? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀kan ò ka ọkàn èèyàn tó. Ọ̀kan ń kà á ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n tì. Ẹni tó wà níta ò lè mọ ìyàtọ̀.

Èrò tí Crespi àti Christopher Badcock gbé jáde lọ́dún 2008 nìyẹn ní ṣókí: pé autism àti àìsàn irú schizophrenia jẹ́ òdì kejì ara wọn nínú ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń mọ èrò ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà á délẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tí méjèèjì wà lára wọn, báwo ni èèyàn kan ṣe máa wà ní àríwá àti gúúsù papọ̀? Àwọn mìíràn ní ìwé ìbéèrè gan-an ló dá ọ̀ràn sílẹ̀: tí ìwé méjèèjì bá ń bi ẹ́ bóyá àwùjọ máa ń sú ẹ, kí ló máa jẹ́ kí máàkì méjèèjì má jọ gòkè? Ní tèmi, atótónu kejì yìí lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ìdí tí okùn náà fi ń tú lápò kìíní.

Àpò kìíní yìí gan-an ló mú mi kọ thread yìí.

Ẹ gbé ìwé Raine wá sí ọjà Òmù-Àrán. Ẹ bi ìyá tó ń ta irú: ǹjẹ́ ẹ gbà pé agbára kan wà tí ojú ò rí tó lè ṣe èèyàn ní nǹkan? Ó máa wò yín bíi pé ẹ̀yin lẹ ò gbádùn. Ẹ bi wòlíì, ẹ bi àlùfáà, ẹ bi babaláwo. Ẹ bi ọmọ yunifásítì tó ń ṣe ìṣọ́ òru. Ẹ bi èmi náà. Ta ni kì í sọ pé "ayé" ló wà nídìí ẹ̀? Ta ni kò tíì lálàá kan rí tó fi pe ìyá ẹ̀ láàárọ̀ kùtù? Nílé ibi tí egúngún ti ń jáde, gbogbo ọjà á gba máàkì lápò kìíní, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣàìsàn.

Lápá keji, ẹ wo ti ojú. Nínú àwọn àmì autism tí wọ́n ń kọ lókè òkun, kí ọmọ má wo èèyàn lójú kì í gbẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòró, ìgbájú ló ń wá. Ọmọ tó ń wolẹ̀, "ó lẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n máa sọ. Àmì yẹn sá pamọ́ sínú ìwà rere. Èyí tí kò ní sá pamọ́ ni ìkíni: ọmọ tí kò kúnlẹ̀, tí kò dọ̀bálẹ̀, tó kọjá lára ìyá ìyá ẹ̀ láìsọ nǹkan kan, gbogbo àdúgbò á ti rí i kí ọjọ́ tó kanrí.

Ṣé ẹnì kankan ti bi àwa Yorùbá léèrè rí pé báwo la ṣe ń pín tiwa? Bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta ti wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ara yín pé "Arò ló yẹ ẹ́," ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Arò jẹ́. Àwọn òyìnbó amúnisìn ti kọ́ ilé fún alárùn ọpọlọ sí Yábàá lọ́dún 1907 (bẹ́ẹ̀ ni, "Yaba Left" yẹn), àmọ́ ibi ìtìmọ́lé ló jẹ́ ju ibi ìtọ́jú lọ. Ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí lọ́dún 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Ilé ìwòsàn náà ò tíì parí. Kò dúró dè é. Ó ní kí àwọn aláìsàn wá pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ àwọn ará abúlé Arò, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n padà sílé lálẹ́. Aláìsàn ń jẹun nínú ilé èèyàn, ó ń gbọ́ ariwo ọmọdé, ó ń kí aládùúgbò. Ó sì bá àwọn adáhunṣe ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ò jẹ́ dán wò. Lọ́dún 1961 ó pe àwọn dókítà ọpọlọ Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò wọn àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Ọdún 1961 yẹn náà ni Lambo àti àwọn onímọ̀ láti Cornell, Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú, bọ́ sí àwọn abúlé yíká Abẹ́òkúta àti inú ìlú fúnra rẹ̀. Wọn ò jókòó sí ilé ìwòsàn kí wọ́n máa retí aláìsàn. Wọ́n lọ bá àwọn ará ìlú nílé wọn, àgbẹ̀ àti oníṣòwò, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí ọkàn àti ara wọn ṣe rí. Ìwé tó jáde nínú ẹ̀ lọ́dún 1963, Psychiatric Disorder among the Yoruba lorúkọ ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún kí Raine tó kọ ìbéèrè 74, Ẹ̀gbá ti ń dáhùn ìbéèrè lójúde wọn.

Ọ̀kan lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ni Jane Murphy. Lọ́dún 1976 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Science. Ó fi àwọn Ẹ̀gbá wé àwọn ará erékùṣù kan nínú omi dídì lẹ́bàá Alaska, ó ní kí ni àwọn méjèèjì ń pè ní wèrè? Ohun tí àwọn Ẹ̀gbá sọ fún un, tí ìyá àgbà yín bá gbọ́ ọ, á mi orí. Wèrè ni ẹni tó ń gbọ́ ohùn tó sì fẹ́ kí àwọn yòókù rí ẹni tó ń sọ ọ́ nígbà tí kò sí ẹnì kankan. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ohun ẹ̀rín. Ẹni tó ń bi ara ẹ̀ léèrè tó sì ń dá ara ẹ̀ lóhùn. Ẹni tó ń ṣa igi àti ewé jọ láìfi ṣe nǹkan. Ẹni tó ń bọ́ṣọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "ẹni tó gbà pé ẹbọra wà". Kò sí "ẹni tó lálàá". Ẹni tí òrìṣà gùn lọ́jọ́ ọdún, tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè é ní wèrè. Ìgbàgbọ́ nínú ohun àìrí nìkan ò gbé ẹnikẹ́ni lọ Arò. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá o mọ ìgbà tó yẹ àti ibi tó yẹ, àti bóyá o lè padà.

Ohun kan tún wà nínú àròkọ yẹn tí mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀. Murphy ní àwọn Ẹ̀gbá ní gbólóhùn fún àwọn ìdààmú mìíràn tí wọn ò kà mọ́ wèrè rárá: ọkàn tí kò balẹ̀ débi tí oorun ò fi wá, ara gbígbóná jù sí nǹkan, àti, ẹ gbọ́ ọ, ìbẹ̀rù àtiwà láàárín èèyàn. Àpò kejì nìyẹn! Ibi tí autism àti schizotypal ti ń pàdé nínú àwọn ìwé ìbéèrè, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún un, wọn ò sì tì í mọ́ ilé wèrè.

Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dùn o, ẹ má wá bá mi jà. Ilẹ̀ kan náà yìí ni wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́ igi. Ìròyìn tí Human Rights Watch gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé wọ́n ṣì ń dè wọ́n ní Nàìjíríà, nílé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé àwọn àfáà, títí kan ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ wà lẹ́nu wa, ọwọ́ wa ló ń ṣe nǹkan mìíràn.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní JSS. Kì í kíni. Kì í bá wa ta ayò, kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ títì ló máa ń jókòó sí, ẹnu ẹ̀ á máa mì. Àwọn àgbà ní ó ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ọ̀run sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní emèrè ni. Àwọn kan ní wèrè ló ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà kan, mi ò ní pe orúkọ ibẹ̀. Oṣù bíi mẹ́ta ló lò. Nígbà tó dé, wọ́n ti fá orí ẹ̀, ó ti rù, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ti bó. Ó tún padà lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ Ìlọrin, ó mọ nọ́ńbà wọn, ó ń kà á lọ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, àwọn tó kọjá láàárọ̀ àtàwọn tí kò tíì padà. Kò gbọ́ ohùn kankan. Kò sí ọ̀run kankan níbẹ̀. Ọkọ̀ ló ń kà.

Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ pé méjèèjì jọra lójú ẹni tó wà níta kì í ṣe ọ̀rọ̀ yunifásítì nìkan. Bí àwọn tó yí ọmọ yẹn ká bá mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà máa dá sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn ì bá kọ́kọ́ bi í: "Kí lò ń sọ?" Ìyàtọ̀ tí Kolvin fi ọjọ́ orí rí, ìyá ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n. Ó máa ń sọ pé láti ìgbà tí òun ti bí i ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Irú wọn ò sì sí nínú ìṣirò. Victor Lotter wá sí Áfíríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó sì kọ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. Ìlú mẹ́sàn-án ló dé, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Nínú ọmọ 1,312 tí ọpọlọ wọn ò jí pépé tó yẹ̀ wò, mẹ́sàn-án péré ló rí tí wọ́n ní autism. Àwọn kan gbé e kiri pé autism ò pọ̀ láàárín àwọn èèyàn dúdú. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti wá wọn: inú àwọn ilé ìtọ́jú àti ilé ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọmọ tó wà níbi àdúrà, báwo ló ṣe máa rí wọn?

Ní ti òfin, títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin tí Nàìjíríà ń lò láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, "wèrè" ló wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Lunacy. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ látòkè, láti Kanner dé DSM-III dé Cambridge, ojú òfin yẹn ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rí ni ìwé ìbéèrè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú Yorùbá, tí kì í ṣe pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Èyí tó máa béèrè bóyá ìkíni máa ń ni ọ́ lára, bóyá o máa ń mọ̀ nígbà tí wọ́n ń pòwe mọ́ ọ, bóyá ohun tí o rí lójú àlá máa ń bá ọ dé ọjà. Èyí tó mọ ẹni tó gbà pé ayé le yàtọ̀ sí ẹni tó gbà pé òun nìkan ni gbogbo ayé jọ ń lé.

Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún un. Ní Àrándùn, mo ti ní mọ́kànlá fún ẹni tí kì í bá èèyàn ṣe, mẹ́ta nínú wọn ni kì í ṣe èébú. Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Òrò, ẹ̀yin Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kútọnu àti London: kí lẹ ń pè é nílé yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí i lórí, torí Ọlọ́run.